Ẹ̀rọ Ìlọ̀ Tí Kò Ké Mọ́

Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Láti oṣù tó kọjá ni mo ti ń bẹ ọkọ mi pé kó fi girísì sí bíárìn, irin tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì tí mo fi ń lọ púpurú, ẹ̀gẹ́ tí a yan gbẹ. Ó ti ń han gooro, gbogbo àdúgbò ń gbọ́ ọ. Ọkọ mi ní kí n ní sùúrù. Màmá, ìyá rẹ̀, ní kì í ṣe ojú lásán.

Àná ni mo lọ sọ́jà Àjàgbà. Kí n tó dé, Màmá ti gbààwẹ̀, wọ́n sì ti da odidi ìgò omi àdúrà sínú ẹ́ńjìnnì náà. N kò mọ̀. Mo tan án, ó kùn díẹ̀, èéfín yọ, ó kú.

Màmá kò mọ̀ nípa ẹ̀rọ, mo gbà. Ṣùgbọ́n ọkọ mi mọ̀, òun ló sì bá wọn ṣí ìdérí rẹ̀.

"Ṣé kí n dá ìyá mi dúró lẹ́nu àdúrà ni?" Ohun tó rí sọ nìyẹn.

Púpurú mi wà nílẹ̀ níbẹ̀ láìlọ̀.

Láàárọ̀ yìí, Màmá bọ́ síwájú ìjọ, wọ́n jẹ́rìí pé ẹ̀mí tó ń ké nínú ẹ̀rọ ìyàwó ọmọ àwọn ti lọ, pé láti àná, a ò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Ìjọ hó yèè. Wọ́n ní kí n dìde kí wọ́n rí mi.

Mo dìde, mo pàtẹ́wọ́. Màmá ò kúkú purọ́.