Orúkọ Tí Mo Kọ Sára Elégédé

Olóòtú ètò orí rédíò wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àkọ́bí mi bí ìbejì, àbúrò rẹ̀ gbéyàwó, àbíkẹ́yìn mi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọkùnrin làǹtìlanti. Ọmọ-ọmọ mi ti di mẹ́fà.

Ilé ẹ̀kọ́ àgbà ni mo ti mọ̀wé, ayọ̀ rẹ̀ ló sì kó bá mi. Nígbà tí elégédé ẹ̀yìnkùlé mi so, mo fi ìṣó kọ orúkọ ọmọ-ọmọ kọ̀ọ̀kan sára èso kan, kí orúkọ lè máa tóbi bí èso ṣe ń tóbi. Kò pẹ́ tí márùn-ún fi jẹrà. Mo kọjú sí aránṣọ tó múlé tì mí: "Omi ìfọṣọ tí ò ń dà síbí ló ba elégédé mi jẹ́!"

Ó ní, "Màmá, omi mi ò mọ̀wé. Kí ló dé tó fi jẹ́ èyí tẹ́ ẹ kọ nǹkan sí nìkan ló ń jẹrà?"

Mo wò ó, òótọ́ ni. Ojú ìṣó gan-an ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ti ọmọ tuntun nìkan ló kù, torí ọwọ́ ti ń ro mí nígbà tí mo kọ ọ́, ìṣó ò wọlé púpọ̀. Mo ti fi pákó sábẹ́ rẹ̀, gbòǹgbò ìtàkùn náà nìkan ni mo sì ń bomi rin. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí ìyá ọmọ náà gbé e wá wo elégédé rẹ̀. Ẹ̀yin àgbẹ̀ tó ń gbọ́ wa, kí ni kí n tún ṣe?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ aránṣọ náà. Ẹnu mi ò gbà á nílé. Ẹ má dárúkọ mi, á mọ̀ mí. Owó orin tí ẹ máa bá mi fi kí i lórí afẹ́fẹ́ rèé: ẹgbẹ̀rún kan àbọ̀.