Púlì Tó Gan Mọ́ Ẹ́ńjìnnì

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo kí ìyàwó yín, mo kí àwọn ọmọ, títí kan èyí tó ń hu eyín lọ́wọ́. Ara le níbí, àfi orúnkún Màmá tó tún wú. Wọ́n ní kí ẹ fi ìpara tó máa ń ta yẹn ránṣẹ́. A ti dí ibi tí òrùlé ti ń jò.

Ó ti rẹ̀ mí. Láti Mọ́ńdè ni èmi àti Bàbá ti wà lẹ́nu alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ti dókítà ẹran. Púlì kíláàṣì ẹ̀, irin róbótó tí bẹ́líìtì máa ń yí lára rẹ̀, ló gan mọ́ ẹ́ńjìnnì. A fi iná yan án, a fi òòlù lù ú, kò tilẹ̀ mì. Lánàá ni Bàbá ní kí n bu omi kún ihò àárín rẹ̀, kí n wé téépù mọ́ bóòtù tó bá ihò náà mu, kí n máa yí i wọlé díẹ̀díẹ̀. Omi ò ríbi sá sí, ló bá ti púlì jáde.

Inú Bàbá dùn, wọ́n gbá mi léjìká, wọ́n ní, "Mo sọ fún àbúrò ẹ pé omi ni, kò gbọ́."

Ẹ̀gbọ́n, èmi nìkan ló wà níbẹ̀. Láti oṣù tó kọjá ni Bàbá ti ń fi orúkọ yín pè mí. Mo kọ́kọ́ ń jiyàn. Ní báyìí, mo kàn ń jẹ́ wọn.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín fún wa. Àmọ́ ẹ tètè máa bọ̀, torí Bàbá bi mí pé ìgbà wo ni mo dé, mo sì ti ní àná ni.

Èmi àbúrò yín