Èmi Ni Mo Ṣi Ọ̀tún àti Òsì Kọ, Kì Í Ṣe Bùnmi

Màámi,

Ẹ kú ilé o. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ajah níbí. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi àti ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ kú ìtọ́jú Màámi. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí. Kí ẹni tó bá ń kà á gbóhùn sókè, torí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ tún ṣe ti dé etí gbogbo ilé.

Wọ́n ní ẹ gbọ́ pé Bùnmi ọmọ ọmọ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fi mọ́tò pa oníbàárà, ẹ sì ní kó fi iṣẹ́ mẹkáníìkì sílẹ̀, kó wálé wá kọ́ aṣọ rírán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tẹnu mi.

Òjò ò jẹ́ ká gbádùn níbí. Omi kún ọ̀nà Addo, orúnkún ń dùn mí, ilé sì máa ń dá páropáro tí Bùnmi bá ti jáde. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bá a lọ sí ọgbà mẹkáníìkì, tí mo ń jókòó sórí táyà, tí mo ń fọ irin tó bá tú. Láti ìgbà tí mo ti ń lọ sí kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àwọn àgbà, èmi náà ni mo ń kọ ibi tí irin kọ̀ọ̀kan ti wá sára ọ̀rá tí a kó o sí. Gbogbo ọgbà ń pè mí ní Tíṣà. Ó sì ń dùn mọ́ mi ju bó ṣe yẹ lọ.

Lọ́jọ́ náà, madam kan gbé mọ́tò wá láti Oniru. Ó ní tí òun bá tẹ bíréèkì, ṣe ni mọ́tò ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bùnmi tú kálípà iwájú méjèèjì, ìyẹn irin tó ń fún páàdì bíréèkì mọ́ ẹsẹ̀ mọ́tò, pẹ̀lú irin tó gbé wọn dúró. Atẹ́gùn òkun àti àgbàrá ti jẹ wọ́n. Àwọn píìnì tó yẹ kó máa yọ̀ wọlé yọ̀ jáde ti dógùn-ún mọ́ inú ihò. Ọ̀gá Múfú tó ni ọgbà ní kó da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i, kó dè é padà, kí madam máa lọ. Bùnmi ní rárá o, ọ́ìlì yẹn á ba rọ́bà inú rẹ̀ jẹ́. Ó ha gbogbo rẹ̀, ó fi gíríìsì bíréèkì pa á títí píìnì fi ń yọ̀ bí ọṣẹ.

Ó wo ohun tí mo kọ sára ọ̀rá, ó sì dè wọ́n padà bẹ́ẹ̀. Ó fa afẹ́fẹ́ tó wọ inú ọ́ìlì bíréèkì jáde títí, síbẹ̀ ẹsẹ̀ ń rì lórí bíréèkì bí ẹni tẹ tìmùtìmù. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó sún mọ́tò síwájú díẹ̀ láti dán an wò, kò dúró, ó lọ gbá àwọn táyà. Madam bẹ́ sẹ́yìn. Ọ̀gá Múfú ní ṣé òun ò sọ, ó ní kí Bùnmi lọ máa fi ọwọ́ yẹn dirun. Gbogbo ọgbà rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni àwọn tó wá ròyìn fún yín ti kúrò.

Màámi, mo mú ọ̀rá, mo lọ dúró síbi tí mo dúró sí nígbà tí mo ń kọ ọ́. Mo kọjú sí mọ́tò náà. Ọ̀tún tèmi ni òsì ẹni tó jókòó wà á! Mo lè dákẹ́, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Ṣùgbọ́n mo wo ojú ọmọ yẹn, mo sì pariwo pé èmi ni. Ọ̀gá Múfú ní kí Tíṣà padà sí kíláàsì o. Bùnmi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó: ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde wà nísàlẹ̀ dípò òkè, afẹ́fẹ́ sì há sínú. Ó pààrọ̀ wọn, ó tún fa afẹ́fẹ́ jáde, bíréèkì le gan-an. Madam fúnra rẹ̀ wà á jáde, ó wà á padà. Kò rẹ́rìn-ín, ó kàn ní kí Bùnmi wá bá òun tú ti ẹ̀yìn náà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Tó bá jẹ́ pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ wálé wá kọ́ aṣọ rírán, èmi ni, ojú mi ò sì lè rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Ní báyìí, Bùnmi ní kí n máa kọ́kọ́ jókòó síbi ìjókòó dẹ́rẹ́bà kí n tó kọ ohunkóhun. Kò gba bírò lọ́wọ́ mi. Màámi, ẹ má gba sípánà lọ́wọ́ òun náà.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ẹsẹ̀ yín ò ní yẹ̀. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà.

Èmi ọmọ yín tó ń retí èsì,
Àjọkẹ́