Dígí Tó Ń Wo Ẹ̀yìn Tẹlifíṣàn

Bàámi, ẹni iyì mi,

Dígí yín ṣì wà lọ́wọ́ mi. Èyí kékeré tó ní rọ́bà aláwọ̀ ewé létí, tí ẹ máa ń fi sápò ṣòkòtò kẹ́ ẹ tó lọ bá àwọn ènìyàn so tẹlifíṣàn àti sípíkà wọn pọ̀. Mo gbé e wá sí Ìjẹ̀bú-Òde nísàlẹ̀ àpótí mi. N kò rò pé màá lò ó.

Oṣù kẹta tí mo wọlé ẹ̀kọ́ níbí nìyí. Yàrá kan lẹ́yìn ilé Màmá Ìbẹfun, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ni mò ń gbé. Ẹ mọ̀ mí: mo ń kí wọn láàárọ̀, mo ń kí wọn nírọ̀lẹ́, ó tán. Ṣùgbọ́n mò ń wò. Mo rí i pé Màmá kò gbọ́ràn dáadáa mọ́. Wọ́n máa ń fa àga sún mọ́ tẹlifíṣàn títí orúnkún wọn á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri, kí wọ́n lè gbọ́ ìwàásù.

Ní Sátidé, ọmọ wọn, Bùọ̀dá Ṣẹ́gun, gbé ampilifáyà tuntun àti sípíkà márùn-ún wá láti Èkó. Wọ́n ti wáyà bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣàn tó wà lára ògiri. Àwòrán ń lọ, ampilifáyà dákẹ́. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n tún tì í bọ̀ ọ́. Ó di ọ̀sán.

"Màmá, wọ́n ti ta èyí tó bàjẹ́ fún mi. Màá dá a padà."

Màmá dìde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa àga wọn padà sídìí ògiri.

Bàámi, àga yẹn ni n kò lè wò. Mo sáré lọ mú dígí.

"Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n wo ẹ̀yìn rẹ̀."

"Pẹ̀lú dígí? Ṣé àtíkè lo fẹ́ kùn ni?"

"Ṣẹ́gun, fi í sílẹ̀," ni Màmá wí. "N ò tíì gbọ́ tó ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lẹ́nu ọmọ yìí látọjọ́ tó ti dé. Tó bá lanu lónìí, ó ní ohun tó rí."

Mo ti dígí bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣàn, mo tan iná fóònù sí i. Lẹ́tà máa ń yí padà nínú dígí, ṣùgbọ́n ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bí a ṣe ń kà á, lára páálí mílíìkì? Ihò HDMI mẹ́ta, irú tí wáyà Bùọ̀dá ń wọ̀, ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n kọ ARC sí, òun ló ń dá ohùn padà látinú tẹlifíṣàn sínú ampilifáyà. Òun gan-an ló ṣófo; ihò mìíràn ni Bùọ̀dá ti wáyà bọ̀.

Bùọ̀dá tún rí wáyà kejì nínú páálí, èyí tó ń fi iná pupa gbé ohùn, wọ́n ní ká kúkú lo ìyẹn. Ìyẹn náà ìbá ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n mo rántí ìbéèrè tí ẹ máa ń bi ara yín kẹ́ ẹ tó mú wáyà: ta ló máa jókòó síbí nígbà tí mo bá lọ? Pẹ̀lú ti iná pupa yẹn, rìmóòtù méjì, ti tẹlifíṣàn àti ti ampilifáyà, ni Màmá ìbá máa wá kiri. Pẹ̀lú ARC, ti tẹlifíṣàn nìkan tó láti gbé ohùn sókè. Mo yọ wáyà HDMI, mo tì í bọ ihò ARC, mo yàn án lórí tẹlifíṣàn pé kí ohùn máa jáde síta. Sípíkà àárín, tí ọ̀rọ̀ ẹnu ènìyàn ń gbà jáde, mo fi í sábẹ́ tẹlifíṣàn, mo gbé ohùn rẹ̀ sókè díẹ̀ ju tàwọn yòókù lọ.

Lẹ́yìn náà mo gbé àga Màmá lọ sẹ́bàá fèrèsé, mo jókòó nínú rẹ̀, mo ń gbọ́. Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo fi yín ṣe ẹlẹ́yà pé orí àga oníàga lẹ máa ń jókòó sí? Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi pé ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà?

Màmá jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ohùn oníwàásù sì dé etí wọn ketekete. "Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ rọra! Ṣé ẹ rò pé mo dití ni?" Wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí tẹlifíṣàn.

Nílé, Ọmọ Onídígí làwọn ọmọ àdúgbò ń pè mí. Tí mo bá rí yín lọ́nà, mo máa ń gba òdìkejì títì. Ṣé ẹ rí mi? Nígbà tí mo dé ìhín, inú mi dùn pé kò sẹ́ni tó mọ orúkọ yẹn.

Màmá yíjú sí mi. "Ọmọ ta ni ẹ́ gan-an?"

"Ọmọ Onídígí ni mí, Màmá."

N kò sọ ọ́ ní wúyẹ́wúyẹ́, Bàámi. Láti ẹ̀bá fèrèsé, wọ́n gbọ́ ọ.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ń jókòó sórí àga oníàga báyìí.