Fèrè Yín Tí Mo Fọn Níwájú Rónkẹ́

Bàbá mi, tíṣà mi àkọ́kọ́,

Koríko ti hù lórí ibojì yín ní Ayétòrò, ẹ̀yin tí ẹ kì í fẹ́ rí koríko níwájú ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Látìgbà tí wọ́n ti bọ́dà pa, owó ọkọ̀ láti Ẹ̀gùà ti wọ́n gógó. Kíláàsì mi náà ti yọ bí eyín arúgbó. Àwọn òbí ń kó ọmọ wọn lọ.

Rónkẹ́, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì mi, kò tíì lọ nígbà náà. Ẹ̀yìn ọ̀kadà bàbá rẹ̀ ló wà lọ́jọ́ tí wọ́n gba ọ̀nà ẹ̀bùrú gbé ìrẹsì bọ̀. Àwọn oníbọn ẹnubodè dá bàbá rẹ̀ dúró, ó sọ̀ kalẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, síbẹ̀ ìbọn dún. A ò mọ ẹni tó yìnbọn pa á títí dòní. Láti ọjọ́ náà, Rónkẹ́ ò sọ̀rọ̀ mọ́. Kò sunkún pàápàá.

Ni mo bá rántí eré yín. Ṣé ẹ rántí bí mo ṣe ń kólòlò, tí àwọn ọmọ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́? Ẹ ò nà mí. Ẹ bọ́ bàtà yín, ẹ dúró níwájú mi, ẹ ní kí n jẹ́ dígí yín: bí ẹ bá họrí, èmi náà á họrí. Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin wá di dígí mi. Hàà! Èmi, ọmọ kékeré, ń darí tíṣà! Ẹ̀rín ọjọ́ yẹn ló tú mi láhọ́n.

Mo bọ́ bàtà tèmi náà fún Rónkẹ́. Lákọ̀ọ́kọ́, kò mira. Nígbà tó yá, ó gbé ìka kan. Lọ́jọ́ kan, ó fi atẹ́gùn kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ bíi tèmi, ohùn díẹ̀ sì bá atẹ́gùn jáde lẹ́nu rẹ̀. Bàbá, mo sá sẹ́yìn kíláàsì lọ sunkún ayọ̀. Mo rò pé ó kù díẹ̀.

Mo wá fẹ́ kí gbogbo kíláàsì bá a ṣe eré dúró-bí-igi, èyí tí ẹ máa ń fi fèrè darí. Fèrè yín tí kì í kúrò lọ́rùn yín, kódà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ni mo mú lọ. Ọkàn mi ò tiẹ̀ lọ sí i pé fèrè ni àwọn onífàyàwọ́ fi ń kìlọ̀ fún ara wọn nínú igbó báyìí pé àwọn oníbọn ń bọ̀. Bí mo ṣe fọn ún, yéè! Àwọn kan kó sábẹ́ bẹ́ǹṣì, àwọn yòókù fò gba ojú fèrèsé wọ oko gbágùúdá lọ.

Rónkẹ́ nìkan ló dúró. Ó kọjú sí mi, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. Èmi sì ni dígí rẹ̀. Kí ni ǹ bá ṣe, Bàbá? Mo na tèmi náà sókè. A dúró bẹ́ẹ̀ títí apá fi ń ro mí, kò sì gbé tirẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ti mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí wọn lọ́nà Kútọnu, ọ̀nà ẹ̀bùrú kan náà ni wọ́n gbà. Ta ni yóò bá a ṣeré níbẹ̀? Ta ló mọ̀ pé ohùn rẹ̀ ti fẹ́ jáde?

Mi ò ṣeré mọ́. Àwọn ọmọ tó kù jókòó, wọ́n ń da ohun tó wà lójú pátákó kọ. Lánàá, ọ̀gá ilé ìwé wa dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó yìn mí gan-an pé kò sí kíláàsì tó dákẹ́ tó tèmi.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ṣì ń pè yín.