Ikọ́ Yín Ti Di Kéú

Bàbá mi ọ̀wọ́n, Àáfà àgbà,

Èmi ọmọ yín obìnrin ló ń kí yín láti Sabon Gari o. Ràlíátù, ọmọ ọmọ mi, ló ń bá mi kọ ọ́. Ó dojú bolẹ̀ kọ ọ́ ni, torí egbò ẹ̀yìn ẹ̀ ò tíì jẹ́ kó jókòó dáadáa. Ẹ má bínú pé mò ń rẹ́rìn-ín. Ẹ mọ̀ mí.

Ilé-kéú yín ṣì wà lẹ́yìn ògiri yàrá mi. Mùdá ló ń darí ẹ̀ báyìí, ọmọ kéú yín tí orí ẹ̀ rí bí agbè yẹn. Láràárọ̀, àwọn ọmọ á ké ẹsẹ̀ gígùn yẹn, tí wọ́n bá dé àárín ẹ̀, gbogbo wọn á wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ikọ́ yín ni, Bàbá. Ikọ́ ọyẹ́ tó pa yín.

Ṣé ẹ rántí pé ibẹ̀ gan-an ni èémí máa ń tán lára yín? Ohun tó bá ti ẹnu yín jáde làwọn ọmọ ń gbà. Mùdá nìkan ló bi yín nígbà tó wà ní kékeré, bóyá ikọ́ náà wà nínú kéú. Èémí ò jẹ́ kẹ́ ẹ fọhùn, bùlálà lẹ fi dá a lóhùn. Látìgbà náà, kò sẹ́ni tó mọ ikọ́ yẹn wú tó Mùdá.

Ràlíátù fẹ́ ṣe wólímọ̀ ìparí kéú. Mo ti ra bàtà funfun fún un lọ́jà Fagge, gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Àmọ́ ọmọ yìí, tó bá ké tán, á padà sẹ́yìn, á máa bi ara ẹ̀ pé ṣé òun mọ̀ ọ́n ni, àbí ẹnu òun lásán ló mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ ló ti yẹ ìwé wò, tí ò rí ikọ́ kankan. Nígbà tí Mùdá ní kó ké e, ó ké e lọ láìwúkọ́.

“O fo nǹkan.”

“Málàm, kò sí nínú ìwé.”

“Ṣé ìwé ló kọ́ mi ni?”

Ó nà án débi tí ẹ̀wù fi lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn.

Mo lọ bá a. Mo ní, “Mùdá, àìsàn ni. Dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró Bàbá ti bàjẹ́.”

Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi dáadáa. “Màmá, ẹ̀yin ò ké kéú. Bí Bàbá ṣe fi lé wa lọ́wọ́ la ṣe ń ṣe é. Tí ò bá wúkọ́, kò sí wólímọ̀.”

Ẹ̀yin náà lẹ ní kéú ò kan ọmọbìnrin. Ta ni kí n pè ní ẹlẹ́rìí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kú?

Wólímọ̀ wáyé ní Jímọ̀ tó kọjá. Ràlíátù wọ bàtà ẹ̀, ó gbóhùn sókè, ó dé ibẹ̀, ó wojú mi. Ó wúkọ́. Ó jọ tiyín débi pé mo ti sáré bu omi sínú ife kí n tó rántí pé ẹ ò sí mọ́. Mùdá ń sunkún ayọ̀.

Látọjọ́ náà, ọmọ náà ò padà sẹ́yìn bi ara ẹ̀ léèrè mọ́ tó bá ké tán. Mo ní kó kọ ìyẹn náà síbí. Ó ti kọ ọ́. Kò bi mí pé kí ló dé.

Ẹ sùn re, Bàbá mi. Èmi ni, ọmọ tẹ́ ẹ fẹ́ràn jù, tẹ́ ẹ ò kọ́ ní nǹkan kan.