Ibi Tí Aláásárì Wà Lórí Àjà Mi

Ìyá mi, ẹ kú ilé o. Mo kí yín, mo kí gbogbo agboolé wa. Ládàánì tó ń pe ìrun ládùúgbò wa ní Sángo níbí ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Ẹnu mi ni ọ̀rọ̀ ti ń jáde.

Ẹ ránṣẹ́ pé ẹ ti rí obìnrin kan fún mi. Ẹ má bínú, n kò fẹ́. Ariwo iléeṣẹ́ irin ti gba etí mi, n kì í gbọ́ ìpè ìrun mọ́. Ìyá Ràfíù, aya mi, ló máa ń fọwọ́ kàn mí léjìká tí àsìkò bá tó nígbà ayé rẹ̀. N kì í sunkún rẹ̀ mọ́, omi ojú ti gbẹ. Ṣùgbọ́n látìgbà tó ti kú, ìrun Aláásárì ìrọ̀lẹ́ ń bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ṣáá. Ìyẹn ló ń dùn mí.

Mo wá fi sìmẹ́ǹtì lẹ àfọ́kù dígí mọ́ ẹsẹ̀ fèrèsé tó kọjú síbi tí oòrùn ti ń wọ̀, mo dá ojú rẹ̀ sókè. Bí oòrùn bá ti bọ́ sí i, ó ń ta ìmọ́lẹ̀ róbótó kan sí àjà. Bí ọjọ́ ṣe ń rọ̀, ìmọ́lẹ̀ náà ń rìn wọ inú yàrá. Lọ́jọ́ kan tí mo rí i tí àwọn èèyàn ń gbé bútà lọ ṣe àlùwàlá Aláásárì, mo gun àga, mo fi èédú sàmì síbi tó dé.

Ó ṣe déédéé títí ọyẹ́ fi dé. Ìmọ́lẹ̀ kò kan àmì mọ́, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń gbà kọjá. Mo jókòó, mò ń wòkè, wọ́n ti kírun tán. Mo bínú lọ bá ládàánì yìí pé ta ló ní kó yí àsìkò padà. Ó pariwo sí mi létí pé, Bàbá, ṣé ojú kan náà ni oòrùn ń wọ̀ sí nílé yín, lẹ́ẹ̀rùn lójò? Ó ní kí n gbé ẹjọ́ mi lọ bá oòrùn. Èmi ọmọ àgbẹ̀! Ó yẹ kí n mọ̀.

Mo wá ń fi àmì kan kún un lóṣooṣù, mo so wọ́n pọ̀, ó di ìlà gbọọrọ. Ibi yòówù kí ìmọ́lẹ̀ ti kan ìlà náà, Aláásárì ti tó.

Lọ́jọ́ tí òjò bá ṣú, ládàánì á wọlé, á fa àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi bí ẹni ń fa okùn ewúrẹ́, á ní kí arúgbó dìde. Ó ní òun ò ní kọ ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ yẹn sílẹ̀. Mo ní kó kọ ọ́. Mo máa ń bú u, mo sì máa ń tẹ̀ lé e.

Ẹ bá mi bẹ obìnrin náà, kó fẹ́ ẹni tó lè gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ẹsẹ̀ yín ò ní yẹ̀. Ẹ kí àwọn àbúrò mi, ẹ kí àwọn ìyàwó ilé, ẹ má gbàgbé ọmọ kankan.

Èmi ni Làmídì, ọmọ yín.